Bébà Pupa Lára Ilẹ̀kùn Kuje

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ àwọn ará Kuje ní Àbújá àti bébà ara ilẹ̀kùn rí, lọ́dún tí yunifásítì kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀yìn ìlú wọn.

Bámiṣayọ̀, ọmọ Kàbà, tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àpáta, ló fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ló dé tí kànga Kuje fi ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé ìwádìí yóò tẹ̀ lé e, níbi tí òun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn agbẹ́kànga yóò ti jọ fi ẹ̀rọ wá ibi tí omi sá sí. Ìpàdé ìwádìí yìí gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ti là á mọ́lẹ̀.

“Bí àwọn ará ìlú ò bá wá gbọ́ ẹ, a jẹ́ pé wọn ò fẹ́ nìyẹn. Màá gbé ìpàdé náà tẹ̀rọ-tẹ̀rọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó ti ń tọrọ ẹ̀.”

“Wọ́n á wá, sà,” ni Bámiṣayọ̀ wí, bí ẹni tó ti rí wọn lójú ọ̀nà.

Yàkúbù, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ ìkéde. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Yàkúbù fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ó fi tàdáwà pupa tẹ ìkéde kí ó lè hàn, ó kọ ọjọ́ sí i gàdàgbà, ó sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àwọn agbẹ́kànga. Kò rántí pé ní Àbújá ìgbà náà, bí o bá jí bá bébà pupa tó ní déètì lára ilé rẹ, kàtàpílà ìjọba ló ń bọ̀ wá wó o.

Kí oòrùn tó mú, àdúgbò ti dàrú. Ìyá Wàsílátù ti tú páànù ilé ìdáná rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kàtàpílà kankan kò ní jẹ páànù òun.

Nígbà tí ìròyìn kan Bámiṣayọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè, ó ra obì, ó forí lé ilé Bàbá Àyàndá, olórí àwọn agbẹ́kànga, ọmọ Ọ̀yọ́. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá.”

“Sànnu, ọmọ ìjọba.” Bàbá kò wo ojú rẹ̀. “Ṣé Ọjọ́bọ̀ náà lẹ fẹ́ wó wa, àbí ẹ ti sún un síwájú?”

“Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó nǹkan kan, Bàbá. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ kí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga.”

“Kai! Ìpè nìyẹn? Ta ló ń lẹ ìpè mọ́ àgbà nílẹ̀kùn? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?”

“Wọ́n kọ́ mi, Bàbá. Òun ni mo fi fẹsẹ̀ ara mi wá. Obì rèé.”

Ìyá Wàsílátù yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. “Dókítà, ṣé kí n dá páànù mi padà?”

“Ẹ dá a padà, Màámi. Èmi á bá yín di àkàsọ̀ mú.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó pa obì. Bámiṣayọ̀ sì lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kúnlẹ̀, ó ń pè.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, àga ló kún gbọ̀ngàn, kò sí ènìyàn lórí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ń yán. Yàkúbù sún mọ́ Bámiṣayọ̀.

“Àǹtí, ó jọ pé wọ́n ti kó lọ Kubwa tán, bí àwọn tí ìjọba wó nílé.”

“Wọ́n ń bọ̀.”

“Ẹyọ ẹnì kan ò tíì dé!”

“Ohun tó fi hàn pé wọ́n ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn tí àgbà ń ṣáájú kì í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á péjọ sílé bàbá, wọ́n á dúró kí bàbá wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó wá fìlà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago, ó dìde. “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ fáwọn tó wà ńlẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Tótó ṣe bí òwe: ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń rò ó bóyá kí òun bínú nígbà tí tìpá akóyanrìn kan tó kún fún èèyàn hó gèè lóde. Bàbá Àyàndá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá tó le gan-an. Àwọn agbẹ́kànga tẹ̀ lé e, ìyàwó, ìyá, àwọn aládùúgbò. Àga ò tó mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde fún wọn.

Bámiṣayọ̀ pa ìwé dé. Ó ṣàlàyé pé omi tó kù lẹ́ẹ̀rùn ń sá sínú àlàfo àpáta, àti pé kànga tó dúró lórí àpáta, àjẹkù òjò ló ń mu. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n bá a jiyàn, ó bá wọn jiyàn.

Nígbẹ̀yìn, Bàbá Àyàndá dìde. “Ọ̀rọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kún ìkòkò omi. Níbo la ó ti gbẹ́ ẹ? Dígà wa wà nínú tìpá.”

“Bàbá, ọjọ́ Ajé ni ìpàdé ìwádìí,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

“Ọjọ́ Ajé jìnnà, ọmọ mi. Òùngbẹ ò mọ ọjọ́ Ajé.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo gbọ̀ngàn yíká, ó wá kọjú sí Yàkúbù. “Lọ sọ fún awakọ̀ tó fẹ́ wá gbé ẹ̀rọ pé kí ó máa lọ sílé. Ibí ni ẹ̀rọ ń gbé.”

Bámiṣayọ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti bọ́ bàtà gíga sílẹ̀, ó ti jókòó sí iwájú tìpá, ó ń nawọ́ ọ̀nà ibi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ wá omi han awakọ̀.