Eyín Iwájú Mẹ́rin

Ọjọ́ kejì tí dókítà yọ eyín iwájú mẹ́rin lẹ́nu ìyá àgbà mi ni baálẹ̀ abúlé wa, ọ̀gbẹ́ni Ma, bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó kéde fún gbogbo ilé pé ìgbìmọ̀ tó ń fi oyè dá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́lá ti mú orúkọ Gu Pil-nyo. Ó ní ọjọ́ méjìlélógún sí i ni wọ́n máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, oyè àgbà ahunṣọ mósì di tirẹ̀. Ó ní kí á bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò fún oko ata.

Ìyá àgbà mi, Pil-nyo fúnra rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òwú tí nọ́ọ̀sì fi dí ojú egbò lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí.

Eyín la fi ń ṣe mósì, òwú tí a ń là láti ara èèpo ewéko kan láti fi hun aṣọ. A ó bó èèpo ewéko náà, a ó sá a, a ó wá ki í sáàárín eyín iwájú, a ó máa là á títí yóò fi tín-ín-rín bí irun. Àwọn kan ti fi ọ̀bẹ dán an wò, àwọn kan ti fi abẹ́rẹ́, òwú wọn sì hu irun bí ẹ̀yìn kòkòrò. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Ìyá àgbà ti fi ẹnu la mósì. Fọ́nrán rẹ̀ ti dá ojú ilà sí eyín rẹ̀ nísàlẹ̀, bí okùn ṣe máa ń dá ilà sí etí kànga. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ fún oyè yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì fi fún ẹlòmíì.

Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Gbogbo ìgbà òtútù ni àgbọ̀n rẹ̀ fi ń ṣọyún, iyọ̀ ló ń fi wẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí á dúró kí òun la ìdì tó kù tán. Mo ní tí kò bá lọ, mi ò ní sùn nílé rẹ̀ mọ́.

Ma dé kí agogo mẹ́wàá tó lù, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Màmá, mo jẹ̀bi. Abẹ́ ìjókòó katakata ni mo fi ìwé tí ìgbìmọ̀ kọ sí yín sí. Mo ní kí n mú un wá fún yín lọ́jọ́ ọjà. Ká ní ẹ ti rí i ni, ẹ ò bá má yọ eyín."

"Ọjà mélòó la ti ná látìgbà yẹn?" Atẹ́gùn ń gba àárín ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà jáde.

"Méjì, Màmá."

Ìyá Dong-chil, aládùúgbò wa, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. "Wọ́n ní bàbá ẹ gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sọ́jà rí," ó sọ fún Ma. "Mo ti ń rò pé irọ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Dong-chil."

"Kò burú. Eyín tèmi pé lẹ́nu, wọn ò sì ṣiṣẹ́ kan rí ju oúnjẹ lọ. Ẹ yọ mẹ́rin níbẹ̀ fún un."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní ètè rẹ̀. Ma wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní òun ti pe ìgbìmọ̀ lórí fóònù. Wọ́n gbà kí ọmọ ilé kan bá a la mósì, tí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i pé òun ni àrólé iṣẹ́ náà: ọdún mẹ́wàá lábúlé, kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó gbé ìwé kalẹ̀. Àyè òǹtẹ̀ kan, èyí tí a ń tẹ̀ dípò ìfọwọ́sí, ṣófo nísàlẹ̀ rẹ̀, Ma sì ní òun máa padà wá mú un lọ́jọ́ kẹwàá.

"Son-ju ń bẹ," ni Ìyá àgbà wí. Èmi ni Son-ju. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, kò sì sí ọmọ-ọmọ mìíràn.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ètè mi là, ahọ́n mi là. Òwú mi nípọn lápá kan, ó já lápá kejì. Ìyá àgbà jókòó, ó kọjú sí mi.

"Má fipá ṣe é. Jẹ́ kí ètè rẹ máa gbọ́ ọ."

"Etí ló ń gbọ́ràn, Ìyá àgbà."

"Etí tìẹ náà ò gbọ́. Ó ti ń ya, o ṣì ń fà á."

Ní ọjọ́ kẹfà, mo tètè dé láti ibi omi, mo bá a níbi tó ti ń fi èrìgì la mósì. Ó fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí ẹni tó jí ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ti sọ fọ́nrán náà di pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwa méjèèjì ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá a ta òwú mi sórí òfì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. A dí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má ráàyè wọlé, torí mósì kì í fara da gbígbẹ. A fọ́n omi sílẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Síbẹ̀ òwú náà ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá àgbà ń mú wọn, ó ń fi itọ́ pa wọ́n pọ̀ lórí orúnkún rẹ̀, kò bínú.

"Ọdún mẹ́wàá ò jìnnà," ó ní. "Ọdún mọ́kànlá ni tèmi gbà kó tó dúró."

Mo wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti gbàgbé ìgbìmọ̀ pátápátá, ọdún tèmi ló ń kà. Mo wá ronú nípa ìdí tí mo fi ń ki nǹkan náà sẹ́nu láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ, kò sì ṣe mí bíi pé mo máa gbọ́ ọ láéláé. Eyín mẹ́rin tí mo jẹ́ kí wọ́n yọ ni mò ń san. Tí mo bá fọwọ́ sí i, ọdún mẹ́wàá ni yóò fi máa fọwọ́ pa ẹ̀bi mi lórí gbogbo aṣọ tí a bá hun, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣi nǹkan mọ̀. Kì í ṣe pé nǹkan kan ń dúró dè mí níbòmíì. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń rán báàgì ní ìlú Tejon ti kógbá wọlé láti ìgbà òtútù.

Lọ́sàn-án, Ma wá mú ìwé náà. Ó dúró lójúde, kò bọ́ bàtà. Ìyá àgbà ti wá òǹtẹ̀ mi jáde nínú àpótí, ó ti nù ún, ó ti ṣí tàdáwà pupa sílẹ̀. Ó fi ìka méjì ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi.

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Mo gbé òǹtẹ̀ náà. Mo tún gbé e kalẹ̀.

"Ìyá àgbà, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ eyín yín, mi ò sì lè dá a padà. Mi ò ní tẹ òǹtẹ̀ mi síbẹ̀. Mi ò ní hun mósì."