Télọ̀ Tó La Inú Eṣinṣin

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá Télọ̀ ti fi ránṣọ, kò ronú ẹ̀ rí pé òun máa la inú eṣinṣin. Oúnjẹ ọ̀sán ló gbé wá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá ìwádìí. Ó bá ọmọ tó dorí kodò, ojú rẹ̀ pọ́n koko.

Eṣinṣin tó ń buni jẹ létí odò ni iṣẹ́ ọmọ yìí. Ó ti fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tó ní ọmọ aràn nínú mu, ó sì dá a lójú pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara eṣinṣin tó máa ń rọ́ bo aràn náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi han òun kí aago mẹ́rin tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ló máa gba yàrá náà. Ẹ̀rù wá mú kí ọwọ́ ọmọ máa gbọ̀n. Ó ti ba eṣinṣin mọ́kànlá jẹ́ níbi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ la inú wọn. Ó ku mẹ́ta, tí òtútù yìnyín mú sùn sínú abọ́.

Màmá ní kó dìde fóun. Ọmọ rán an létí pé àná ni ojú Màmá tàn án, tó bu iyọ̀ sí tíì dípò ṣúgà. Màmá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì, ó ní tíì ọ̀hún ò tiẹ̀ burú. Ó gbé ìdí ńlá rẹ̀ lé àga, àga ké. Ó gbójú lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, eṣinṣin bíńtín bá tóbi tó adìyẹ.

"Ta ló ní mi ò ríran? Mo rí irun itan ẹ̀."

Ló bá sín. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé eṣinṣin kan lọ pátápátá, ó ku méjì. Màmá bú ara rẹ̀ dáadáa, ó nu imú, ó mú abẹ́rẹ́ ọmọ, ó fi ọrùn ọwọ́ ti tábìlì, ó sé èémí bí ẹni ń tú ojú rírán aṣọ ìyàwó.

"Má ti abẹ́rẹ́ náà," ó rọra ń sọ fọ́mọ bó ṣe ń là á lọ. "Fà á."

Inú eṣinṣin là gbayawu. Aràn kan ń yí níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́wàá ti lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn tún ń bọ̀.

"Wọ́n ń rán ṣòkòtò fún un," ni Màmá wí. "Ó ti fún un pinpin."

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó wò ó títí. Ó ní ọ̀kan lè ṣèèṣì, òun fẹ́ rí èkejì. Màmá dìde, ó ti ọmọ jókòó, ó sì fọwọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ọmọ sé èémí. Ó fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ọ̀gá ka sẹ́ẹ̀lì mẹ́tàdínlógún lára aràn kejì, aràn ọ̀hún ò sì mira mọ́. Ó ní kí ọmọ máa lo yàrá rẹ̀ lọ. Ọmọ dì mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Àmọ́ Màmá ti rí bọ́tìnnì kan tó fẹ́ já lára aṣọ funfun ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ aṣọ yẹn kẹ́ ẹ gbé e wá. Abẹ́rẹ́ tèmi wà nínú báàgì."