Ipò Tí Mo Fi Àbúrò Mi Sí

...márùn-ún ni. Àwo orin márùn-ún tó dùn jù péré ló ń wọ ìwé mi lọ́dọọdún, òdodo ni mo fi ń yàn wọ́n, n ò lè sọ ọ́ di mẹ́fà torí pé ọmọ ìyá mi náà gbé àwo jáde lọ́dún yìí. Àwo márùn-ún, òde eré mẹ́ta. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, òun náà sì mọ̀. Òun gan-an ló mọ̀ jù.

Lọ́la, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, màá kà á fún àwọn tá a jọ ń gbọ́ orin. Ipò kìíní, Bàbá Onífèrè, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ṣì ń fun fèrè bí ẹni pé àná ló rà á. Ipò kejì, àwọn ìbejì onídùùrù. Ìkẹta ti ní olúwa rẹ̀. Ìkẹrin náà. Ìkarùn-ún... mo ti kọ orúkọ àbúrò mi síbẹ̀, mo ti pa á rẹ́, mo tún ti kọ ọ́, mo tún ti pa á rẹ́. Bébà yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Gíláàsì awò ojú mẹ́rin wà níwájú mi níbi iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ lọ etí wọn kí wọ́n lè wọ férémù kó tó di aago mẹ́rin. Ìyá àgbà kan ló ni méjì nínú wọn, ó ní òun ò dá ojú àwọn ọmọ-ọmọ òun mọ̀ mọ́ nínú fọ́tò. Ọwọ́ mi wà lára ẹ̀rọ, mi ò tíì tan ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi bá mi sọ lórí fóònù láàárọ̀ ni ò jẹ́ kí n rídìí jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí síbẹ̀ torí pé mo jẹ́ àbúrò yín. Tí ò bá dáa, ẹ sọ fún mi. Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ ni màá ṣe."

Ohun tí mo bá ti sọ. Ẹgbẹ́ olórin kan fẹ́ kó bá àwọn rin ìrìn oṣù mẹ́fà, ìlú dé ìlú, kó máa kọrin ṣáájú wọn. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ fèsì. Tó bá lọ, iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọdún méje parí nìyẹn. Tí ò bá sì sí nínú márùn-ún mi... kò ní lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí rédíò bá ń kọrin, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò kó tó mọ̀ bóyá orin náà dùn. Ẹ̀yin èèyàn, irú ẹrù wo lèyí?

Kì í sì í ṣe pé n ò gbọ́ ọ. Òfin mi ni pé màá gbọ́ àwo kan lẹ́ẹ̀mẹta láti òkè délẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn, n ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Tirẹ̀ ti kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. N ò kà á mọ́.

Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ nìyí: "Èémí rẹ̀ ń pariwo ju orin lọ." Orin kẹrin. Òótọ́ sì ni, máìkì sún mọ́ ọn lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n Bàbá Onífèrè ńkọ́? Kí ló wà nínú àwo bàbá yẹn bí kì í bá ṣe èémí? Èmi náà ni mo kọ ọ́ pé àdùn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ni mò ń rò. Onígbàjámọ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Lọ́dún tó kọjá tí púlọ́ńbà kan lára wa gbé àna rẹ̀ sípò kìíní, oṣù mẹ́ta la fi bú u. Ojú ló ń tì mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ... Àbí mò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá?

Ó dáa. Kí n kọ ti òde eré ná. Ìkíní, ọjọ́ tí máìkì kú ní gbọ̀ngán ńlá, tí èrò gba orin lẹ́nu olórin, tí wọ́n bá a kọ ọ́ parí. Ìkejì, àwọn akọrin tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́, nínú òjò. Ìkẹta...

Gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ tí àbúrò mi ti kọrin. Ogójì àga, gbogbo wọn ò kún. Mo jókòó lẹ́yìn pátápátá. Orin kejì, mo dìde, mo jáde. Mo sọ fún un lẹ́yìn náà pé ibi iṣẹ́ ló pè mí. Ọjọ́ Àìkú! Ta ló ń lọ gíláàsì lọ́jọ́ Àìkú? Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Kí ló lé mi? Ibì kan wà nínú orin yẹn tí ohùn rẹ̀ gòkè, tó dúró sókè, tí kò mì. Mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni tèmi máa ń já sí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nílé ìwé nígbà náà, olùkọ́ sì nawọ́ sí mi lójú gbogbo wọn. "Ìwọ, èémí ẹ ń pariwo ju orin lọ. Lọ jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo kọ sílẹ̀ fún un, n ò yọ ẹyọ kan.

Mo lọ jókòó nígbà náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti jókòó, tí mò ń gbọ́ tẹlòmíì, tí mò ń fún wọn nípò.

Wọ́n ń pè mí níwájú. Ìyá àgbà ti dé, ó ń béèrè bóyá awò òun ti yá. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

N ò sì lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ẹ̀yìn fèrèsé gbọ̀ngán ni mo dúró sí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ parí. Òun lòde eré tó dùn jù tí mo lọ lọ́dún yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àtẹ́wọ́ yẹn pẹ́, ó pẹ́ débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Sí ta?

Mò ń jowú. Mò ń jowú àbúrò mi... Rárá, ìyẹn náà ò tíì débẹ̀. Tó bá lọ, ta la ó jọ máa jókòó? Ta ni màá máa ṣàlàyé orin fún? Àwo yẹn dára. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo ti mọ̀ pé ó dára. Mo kàn fẹ́ kó dúró tì mí ni, kó jókòó bí mo ṣe jókòó, ká jọ máa gbọ́ tàwọn tó lọ. Ohun tí mò ń pè ní òdodo láti àárọ̀ nìyẹn.