Ojú Ewé Tí Ikán Jẹ

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn náà dé. Mojíbọ́lá ń to fáìlì sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí Aishat, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, gbójú sókè lórí fóònù.

“Ìyá Ṣèyí, òǹkọ̀wé yín yẹn ti kú o. Màmá Olúgbádé ti Ìdógùn. Wọ́n ní ọ̀sán àná ni.”

Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ Mojíbọ́lá.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹbí yín ni?”

“Rárá. N kò rí wọn rí.”

“Ẹ ò rí wọn rí, ẹ wá ń gbọ̀n báyìí? Ká ní ẹ mọ̀ wọ́n ńkọ́?”

Mojíbọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa fáìlì náà nílẹ̀. Báwo ni yóò ti ṣàlàyé rẹ̀? Ìwé kan ṣoṣo ni Màmá Olúgbádé kọ láyé rẹ̀, ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláwùmí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti jáde, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù sì ti kà á títí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Mojíbọ́lá nígbà tó gbọ́ ìtàn náà, ó sì ti ń pe ara rẹ̀ ní Ọláwùmí nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Eré ọmọdé ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọláwùmí bí. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun náà bí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé. Nígbà tí ọyẹ́ èṣí mú, Akínjídé ọkọ rẹ̀ lọ sí oko wọn ní Ẹ̀mùrẹ́-Ilé, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Inú ọyẹ́ ni ọkọ Ọláwùmí náà kú. Láti ọjọ́ náà ni eré ti di ẹ̀rù.

Nítorí ó mọ ohun tó kàn. Ní ìparí ìwé, ọmọ Ọláwùmí di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì kú sọ́nà.

Ṣèyíọlá ọmọ tirẹ̀ ti ń di ẹrù báyìí. Wọ́n ti pín in sí Tàràbà fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, Ọjọ́rú ló sì yẹ kó gbéra.

“O ò lọ,” ni Mojíbọ́lá ti sọ fún un.

“Màámi, ṣé nítorí ìwé ìtàn ni n ò fi ní lọ síbi tí ẹgbẹ́ mi ń lọ?”

“Bí bàbá rẹ bá wà, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn.”

“Bàbá mi ì bá ti gbé mi lọ fúnra wọn.”

Láti ìgbà náà, “ẹ káàárọ̀” nìkan ni ọmọ ń bá ìyá sọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mojíbọ́lá gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìdógùn. Dùnsìn, ọmọ olóògbé, ló bá lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé, àgbà obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà.”

“O ṣé o. Kí lo jẹ́ sí wọn?”

Mojíbọ́lá fẹ́ sọ pé òun ka ìwé wọn ni. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Èmi ni Ọláwùmí.”

Dùnsìn bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ni ìkẹfà láti àná. Ọláwùmí tó wá láti Ute tilẹ̀ gbé iṣu dání.”

“Ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí, mà. Nítorí ọmọ tó kú nínú ìwé.”

“Ọmọ wo ló kú?”

“Ọmọ Ọláwùmí.”

“Ta ló pa á? Èmi ni màmá mi fi kọ ọmọ yẹn. Àbí òkú lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mojíbọ́lá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá ṣàlàyé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kíláàsì wọn ní. Ọmọ kan á dìde kà á sókè, àwọn yòókù á máa gbọ́. Ikán ti jẹ ojú ewé tó kẹ́yìn, nítorí náà Sístà Dominic, olùkọ́ wọn, pa ìwé dé, ó sì fi ẹnu parí ìtàn náà fún wọn. Ohun tí sístà bá sọ, bí ìwé àdúrà ni wọ́n ṣe ń gbà á.

“Sístà yín fẹ́ kí ẹ jókòó sílé ni,” ni Dùnsìn sọ. Ó wọlé, ó mú ẹ̀dà tó pé jáde.

Lórí ìdúró ni Mojíbọ́lá ti kà á. Ọmọ wọ ọkọ̀. Ìyá dúró létí omi títí kò fi rí i mọ́. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

“Kò sọ bóyá ó padà, mà.”

“Kàdúná ni mo wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè kọ ohun tí àwọn ò tíì mọ̀.”

“Ṣé ẹ̀rù bà wọ́n?”

“Gidi gan-an. Síbẹ̀, orí wọn ni wọ́n fi gbé àpótí mi dé ibùdókọ̀.”

Ẹ̀rù kò kúrò lára Mojíbọ́lá. Ìwé náà kò ṣèlérí ikú mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ìyè náà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Ṣèyí, mú aṣọ òtútù bàbá rẹ mọ́ ẹrù rẹ.”

“Màámi, ṣé ara yín le?”

“Àyà mi ń já. Máa di ẹrù rẹ. Èmi ni n óò sìn ọ́ dé gáréèjì.”

Nígbà tó ń lọ, ó rí ìkòkò amọ̀ ńlá kan ní ẹnu ọ̀nà, ó gbẹ, ewé ti já sínú rẹ̀.

“Tiwọn ni,” ni Dùnsìn sọ. “Àárọ̀ ni wọ́n máa ń pọnmi sí i fún àwọn tó ń ti oko bọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó rántí.”

Mojíbọ́lá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sán ìró rẹ̀ dáadáa. Ó fa omi nínú kànga ẹ̀yìn ilé, ó ṣan ìkòkò náà, ó sì ń pọnmi sí i títí ó fi kún. Ó fi àwo bo ẹnu rẹ̀, ó sì da kọ́ọ̀pù dé orí àwo.