Bí Ìwé Ojú Ẹ̀gbọ́n Ṣe Fúyẹ́

Aránṣọ kan ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ lé orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjìji lásán ló kù tó ń rí. Dókítà ojú kan ní ìlú mìíràn ti gbà láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo ìwé àyẹ̀wò àti àwòrán ojú rẹ̀ dé orí ìkànnì ilé ìwòsàn kó tó di ọ̀sán.

Aránṣọ fi wọ́n ránṣẹ́. Ìkànnì kọ̀ ọ́: fáìlì yìí tóbi jù.

“Kí ló wí?” ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

“Ó ní ẹrù wa wúwo.”

“Ṣé ojú méjì péré ló wúwo tó báyẹn?”

Ẹ̀rín pa aránṣọ, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń fún fáìlì pọ̀, ó sì yan èyí tó máa dín in kù jù lọ. Kíá, fáìlì ti fúyẹ́ bí òwú. Ó fi í ránṣẹ́, ìkànnì sì gbà á. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn nígbà tí fóònù dún.

Nọ́ọ̀sì ni. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé yín ti dé, àmọ́ àwòrán ojú yẹn ti di bàìbàì, ó jọ pé wọ́n fún un pọ̀ jù. Dókítà ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi ránṣẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n gbọ́. “Fi sílẹ̀, àbúrò mi. O ti gbìyànjú.”

“N ò tíì ṣe tán, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó ṣí fáìlì àkọ́kọ́, ó wò ó lójú ìwé lójú ìwé. Àṣé àwòrán ojú kọ́ ló ń gba àyè! Òun fúnra rẹ̀ ló to àwọn ìwé sórí aṣọ olódòdó nígbà tó ń fi fóònù yà wọ́n, gbogbo òdòdó náà ló sì bá wọn wọ inú fáìlì. Ó tiẹ̀ ya ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó tún àwọn ìwé náà yà. Ó gé etí wọn bó ṣe máa ń gé aṣọ, ó sọ wọ́n di dúdú àti funfun, ó wá fún àwọn yẹn nìkan pọ̀. Kò fọwọ́ kan àwòrán ojú rárá. Ìkànnì tún kọ̀ ọ́. Ó pòṣé, ó yọ ojú ìwé kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju òǹtẹ̀ lọ, ó tún fi í ránṣẹ́.

Ó wọlé.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló pè. Ó ní ojú òsì ò dá òun lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ lè gba ojú ọ̀tún là. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sí yàrá.

“Ibo lẹ ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́.”