Ìlà Pẹ́ńsùlù Lára Férémù Ilẹ̀kùn

“Bí ohùn tó nípọn bá jáde lẹ́nu ọmọ mi lónìí, fá irùngbọ̀n mi. Má fi ọṣẹ sí i o. Gbígbẹ ni kó o fá a.”

Káfíńtà ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lójú oníbàárà mẹ́rin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí ọ̀kan nínú wọn dé ìdajì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n náà lára bí ẹni ń pa ológbò lára. Ogún ọdún ló ti ń tọ́jú u bọ̀. Onígbàjámọ̀ kàn ń nu abẹ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú dígí. Ẹgbẹ́ akọrin méjì péré ló wà ládùúgbò wọn: káfíńtà ló ń darí ọ̀kan, onígbàjámọ̀ ló ń darí èkejì, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an sì ni ìdíje wọn.

Ọmọ tí káfíńtà fi ń fọ́nnu yìí, Ẹyẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ohùn rẹ̀ sì máa ń gòkè títí àwọn àgbàlagbà á fi máa wo àjà. Òun ló máa dá orin kọ lọ́sàn-án. Káfíńtà kì í sì í ṣèèṣì yan ohùn. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan sára férémù ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́rin. Ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ ò bá tíì kan ìlà, iwájú ni yóò dúró sí, ohùn òkè ni tirẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti kọjá ìlà, ó di ẹ̀yìn, láàárín àwọn bàbá olóhùn ìsàlẹ̀. Igi ò parọ́ fún káfíńtà rí, kò sì rí ìdí tí ọmọ èèyàn fi máa parọ́ fún un.

Ó délé láti mú Ẹyẹ. Ó bi í bóyá ó sùn dáadáa, Ẹyẹ mi orí. Ó bi í bóyá ó ti jẹun, Ẹyẹ tún mi orí. Súwẹ́tà tó bò ó dé àgbọ̀n ló wọ̀ nínú oòrùn tó ń jó ewé. Ìyá rẹ̀, tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ní ó ti di ọjọ́ márùn-ún tí ọmọ náà ti ń forí sọ̀rọ̀ bí alángbá.

“Ọmọ ń dàgbà ni, bàbá ẹ̀.”

“Dàgbà síbo? Ó ṣì ku ìka méjì kó tó kan ìlà.”

Ọjọ́ márùn-ún. Káfíńtà ka ọjọ́ náà sẹ́yìn, ó sì bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ẹyẹ lọ gẹrun. Lọ́jọ́ yẹn, onígbàjámọ̀ fún ọmọ náà ní súìtì kan. Káfíńtà bi ọmọ léèrè irú àwọ̀ tí súìtì náà ní. Ẹyẹ nawọ́ sí korobá pupa tó wà nídìí ilẹ̀kùn. Pupa kẹ̀. Àbí onígbàjámọ̀ ti fi nǹkan sínú rẹ̀ láti ba ohùn ọmọ jẹ́? Ìfura loògùn àgbà, káfíńtà sì gbé tirẹ̀ mì láìwọ̀n.

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, kò pẹ́ tó fi wá Ẹyẹ tì. Ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ló ti bá òun àti Òpó, wọ́n forí korí, ìgò kan wà láàárín wọn. Ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń gbá gbọ̀ngàn ni Òpó. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Ẹyẹ, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ń rìn bọ̀, ẹni tí ò mọ̀ wọ́n á rò pé bàbá àtọmọ ni. Ó ga ju káfíńtà fúnra rẹ̀ lọ, irunmú sì ti hù sókè ètè rẹ̀. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lorí rẹ̀ kọjá ìlà, ọjọ́ yẹn náà ni káfíńtà gbé e lọ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí Ẹyẹ bá ń dá orin kọ, ojú Òpó kì í kúrò lára rẹ̀. Ìlara, káfíńtà wí nínú ara rẹ̀. Ó gba ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tún mu ún dé ìdajì kó lè mọ ohun tó máa pa òun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni. Síbẹ̀, ó tì í bọ àpò.

“Kí lẹ̀ ń sọ níbí?”

Òpó wo Ẹyẹ, Ẹyẹ wolẹ̀.

“Kò sí nǹkan, sà.” Wúyẹ́wúyẹ́ ni Òpó fi sọ ọ́, bí olè.

Ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kọrin. Wọ́n gbìyànjú. Káfíńtà wá bọ́ síwájú àwọn tirẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè, Ẹyẹ la ẹnu, orin sì jáde. Kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bírò bọ́ lọ́wọ́ onídàájọ́. Káfíńtà yíjú sí onígbàjámọ̀, ó sì fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, kó lè rí i.

Níbẹ̀ ni Ẹyẹ ti wúkọ́.

Ikọ́ náà bú jáde bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ tábìlì kọjá lórí símẹ́ǹtì. Ikọ́ bàbá àgbà ni. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ṣùgbọ́n orin ò dúró. Ẹnu Ẹyẹ ti pa dé, orin ń gòkè lọ. Káfíńtà fura sí àjà. Ó fura sí rédíò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì onídàájọ́. Nígbà tó gbójú sókè, àwọn bàbá olóhùn ìsàlẹ̀ ti ń yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni yẹra fún iná, ó wá ku Òpó nìkan láàárín. Òpó dijú, irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi ohùn ọmọdé kọrin, kò mọ̀ pé wọ́n ti dá òun dá a. Ó kọ ọ́ parí.

Ariwo ẹ̀rín ò tíì rọlẹ̀ tí Ẹyẹ fi sún mọ́ bàbá rẹ̀. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ nípọn ju ti bàbá náà lọ.

“Ẹ má bínú, bàbá. Mo rò pé àìsàn ni. Mi ò tíì kan ìlà.”

Káfíńtà wo ọrùn ọmọ rẹ̀ nínú súwẹ́tà yẹn. Fún ọjọ́ márùn-ún, ọmọ náà ti ń rò pé ikú ló ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun òun. Káfíńtà yọ ìgò omi jáde nínú àpò, ó sì dá a padà fún un.

Onídàájọ́ gbé ife fún ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀. Ó ní orin ti káfíńtà ló dùn jù, ṣùgbọ́n ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kọ́ ló kọ ọ́.

Kílẹ̀ tó ṣú, káfíńtà ti jókòó sórí àga onígbàjámọ̀. Kò sí ọṣẹ. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró tì í, irùngbọ̀n ogún ọdún ń já bọ́ sílẹ̀, àgbọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kéré bíi tọmọdé. Ó bi Òpó léèrè ìdí tó fi wà lẹ́yìn fún oṣù mẹ́fà gbáko láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ohùn òun ò tíì yí padà.

“Ẹ ò ní kí n kọrin kẹ́ ẹ tó gbé mi sẹ́yìn, sà,” Òpó dáhùn. “Ẹ kàn wọ̀n mí ni.”

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ fi gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyà tó yẹ káfíńtà nìyẹn, ta ló ń fi gíga mọ ohùn? Ó ní nínú ẹgbẹ́ tòun, irunmú làwọn máa ń wò.

Òpó fọwọ́ kan òkè ètè rẹ̀.

“Mo ní irunmú, sà,” ló fi ohùn tín-ín-rín yẹn wí.