Ọwọ́ Tó Yọ Nínú Àwòrán

Nígbà tí àìsàn tó ti gbogbo ayé mọ́lé kásẹ̀ nílẹ̀, òpópónà náà wá dà bí ẹnu arúgbó: eyín kan níbí, àlàfo mẹ́ta lọ́hùn-ún. Onígbàjámọ̀ ti kó lọ. Oníṣègùn eyín ti kó lọ. Onílé ìtàwé náà kó lọ, ó sì gbàgbé ológbò rẹ̀. Aránbàtà nìkan ló kù, ó rọ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ìṣó inú gìgísẹ̀ bàtà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Nígbà tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ẹnikẹ́ni, ó fi ayùn gé ihò kan sára rẹ̀, ihò tó gba bàtà méjì, ó wá fi ìṣó kan ilẹ̀kùn pa. Oníbàárà á kanlẹ̀kùn, ọwọ́ á yọ, á gba bàtà, á wọlé. Àìsàn lọ, ìjọba ní kí kálukú jáde. Ọwọ́ náà ò jáde ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Làwọn aráàdúgbò bá sọ ọ́ ní Ọwọ́-Nìkan.

"Ọkọ mi, wọ́n ní ó ti parí," ìyàwó rẹ̀ wí láti inú yàrá wọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló ní ó ti parí?"

"Rédíò ni."

"Ṣé rédíò tó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa gbà ni?"

Ìyàwó pa rédíò.

Ìgbà tó yá ni Ìgbìmọ̀ Ìsọjí Àdúgbò dé, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Òfin wọn ò le: ilẹ̀kùn tó bá ṣí, alààyè ni, èyí tó bá tì, òkú. Wọ́n wo ti aránbàtà, wọ́n kọ "òkú".

"Mo wà láàyè o!" lohùn kan ké látinú ihò.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wò ó. "Ẹ má bínú, bàbá. Fọ́ọ̀mù wa ò láyè fún ihò." Ó sì lẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀kùn: tí ọjọ́ ayẹyẹ ìsọjí bá ti kọjá tí ilẹ̀kùn ò sì ṣí, ṣọ́ọ̀bù náà á di ti ẹnì kan tó fẹ́ máa ta àbẹ́là olóòórùn dídùn.

Ọgbọ̀n ọdún ni aránbàtà ti fi jókòó síbẹ̀. Ó mú ẹ̀mú láti yọ ìṣó, ló bá rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ pé òun ń lọ ra búrẹ́dì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ àìsàn yẹn, tó gbabẹ̀ dé ilé ìwòsàn, tí kò sì padà wálé mọ́. Ó rọra gbé ẹ̀mú kalẹ̀.

Àwọn ayàwòrán ló kàn. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ya alààyè sára gbogbo òkú. Ilé oníṣègùn gba eyín ńlá tó ń rẹ́rìn-ín. Ti aránbàtà gba ọkùnrin gìrìpá kan, ó fẹ̀ láti ara ilẹ̀kùn dé ara ògiri, ihò sì bọ́ sí i níkùn.

"Ta nìyí?" Ọwọ́-Nìkan béèrè, ó na dígí kékeré síta láti fi wò ó.

"Ẹ̀yin ni, bàbá," ayàwòrán kan dáhùn.

"Ibo ló ti rí irun? Apárí ni mí."

"Ìsọjí nìyẹn, sà."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Alága ìgbìmọ̀ dé tòun ti bàtà tuntun, kámẹ́rà tẹ̀ lé e. "Òpópónà yìí ti jí!" ló wí, ló bá fẹsẹ̀ janlẹ̀ kọ́rọ̀ lè wọlé. Gìgísẹ̀ bàtà fò, ó di inú gọ́tà.

Ọwọ́ kan bá yọ láti ikùn àwòrán. "Ẹ gbé e wá."

Ẹni tó ké ké, ẹni tó sá sá. Nígbà tó yá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé he gìgísẹ̀ nínú gọ́tà, alága kó o pẹ̀lú bàtà sọ́wọ́ náà, ó dúró lẹ́sẹ̀ kan, ó ń bọ́rọ̀ lọ: "Ẹ ò rí iṣẹ́ ọnà tó ń ṣiṣẹ́! Mo pàṣẹ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn yìí láéláé! Bàbá á máa gbénú ẹ̀, ọwọ́ á máa yọ, àlejò á máa ya fọ́tò!"

"Alábẹ́là ńkọ́, sà?" akọ̀wé béèrè.

"Kó lọ sọ́dọ̀ eyín!"

Nínú ilé, ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ẹ kú oríire! Ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ gan-an lẹ rí gbà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́ awọ. Kéèyàn ti ara ẹ̀ mọ́lé, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan wá tini mọ́lé! Ó gbá ẹ̀mú mú. Ìṣó kan, ìṣó méjì, ìṣó keje. Ilẹ̀kùn dún gbàà, gìrìpá ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ààbọ̀ orí ẹ̀ kù sára ògiri. Ọkùnrin kúkúrú apárí kan jáde, ó ń ṣẹ́jú nínú oòrùn, bàtà alága lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ti ba iṣẹ́ ọnà jẹ́!" akọ̀wé ké.

"Ṣé ilẹ̀kùn ṣí àbí kò ṣí?"

Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù. "Ó ṣí, sà."

"Ẹ kọ 'alààyè', kí n tó kan gìgísẹ̀ yìí."

Alága ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. "Kọ ọ́, jàre! Ẹsẹ̀ ń ro mí!"

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ó kan gìgísẹ̀, ó da bàtà padà, ó nu ọwọ́.

"Ìyàwó, mò ń bọ̀. Mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ilé oníbúrẹ́dì lópin òpópónà. Búrẹ́dì ibẹ̀ wú dáadáa, ó pọ́n, èéfín ń rú lórí ẹ̀.

Aránbàtà fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tí wọ́n fi yà á ò tíì gbẹ.